Onídùúró Àjàmú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọdún 1986, wọ́n mú Àjàmú wọ kóòtù májísíréètì ní Ìyágankú. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé ó jí ẹ̀rọ fídíò ọ̀gá rẹ̀, Ajíbóyè, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fíìmù wò ní Ring Road. Àjàmú ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló sì ń sùn. Ó ní òun kò jẹ̀bi.

Ìsípẹ́kítọ̀ Àlàó, tó ń ṣe ẹjọ́ náà fún ìjọba, kò fẹ́ kí wọ́n fún un ní béèlì.

"Olúwa mi, ọmọ Ṣakí ni olùjẹ́jọ́ yìí," ó ní. "Ó lè jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ṣakí kó jẹ talẹ́ ní Kútọnù. Tó bá sì padà sí yàrá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹlẹ́rìí wa ni yóò máa dẹ́rù bà."

"Ẹ̀sùn kọ́ ni ìdájọ́, Ìsípẹ́kítọ̀," ni Adájọ́ Ògúntúndé dáhùn. "Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá yóò wá nígbà tí a bá pè é." Ó yíjú sí Àjàmú. "Ta lo ní ní Ìbàdàn yìí tó nílé, tó lè dúró fún ẹ?"

Àjàmú wo ọ̀gá rẹ̀. Ajíbóyè jókòó ní bẹ́ǹṣì iwájú, ó wọ sàfárì aláwọ̀ eérú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

"Kò sí, sà," ni Àjàmú wí.

Ọlọ́pàá tí yóò mú un lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgọ́dì ti dìde.

"Mo wà níbí o," ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Ìyá àgbàlagbà kan ló ń bọ̀, ó wọ aṣọ funfun ìjọ aládùúrà, kò wọ bàtà. Àwọn èèyàn yàgò fún un. Ajíbóyè sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kí ni orúkọ yín, mà?" adájọ́ bi í.

"Àpínkẹ́ ni mí. Bódìjà ni mò ń gbé. Olóògbé ọkọ mi ló kọ́ ilé náà fún mi, orúkọ mi ló wà nínú ìwé rẹ̀." Ó na ìwé náà sí akọ̀wé kóòtù.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí olùjẹ́jọ́ ni?"

"Èmi kọ́, sà. Ká ní èmi ni mo bí i, kò ní ṣe jẹ́jẹ́ báyìí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ajíbóyè kò rẹ́rìn-ín.

"Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ ọ́n?"

"Òun ni wọ́n máa ń rán wá láti gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tí omi ẹ̀rọ ò bá yọ, òun ló ń bá mi pọn. Wọn kì í rán an ní ìyẹn."

"Ẹ mọ̀ pé tó bá sá lọ, ilé yín lè bá a lọ?"

"Mo mọ̀. Kò ní sá."

"Ta ló tún ń gbé inú ilé náà?"

"Ọmọ mi kan ṣoṣo."

"Ṣé òun náà gbọ́ sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí?"

"Ó ń gbọ́, sà."

Ajíbóyè fò dìde. "Olúwa mi!"

"Olùpẹjọ́, ǹjẹ́ o mọ ohunkóhun tó fi yẹ kí n má gba ìyá yìí?"

Ajíbóyè yíjú sí ìyá náà. Ìyá náà kò wò ó, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé.

"Kò sí, sà," ni Ajíbóyè wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó dára. Mo fún olùjẹ́jọ́ ní béèlì. Kò gbọdọ̀ kúrò ní Ìbàdàn, kò sì gbọdọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù náà. Ilé onídùúró rẹ̀ ní Bódìjà ni yóò máa gbé, lábẹ́ ojú wọn, títí ẹjọ́ yóò fi parí."

Ìsípẹ́kítọ̀ Àlàó ní ìyẹn tẹ́ òun lọ́rùn. Bódìjà jìnnà sí Ring Road, olùjẹ́jọ́ àti olùpẹjọ́ kò ní máa fojú kanra.

Ìyá náà tẹ̀ka, wọ́n sì tú Àjàmú sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ìyá náà wí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà. Láti àná."

Oòrùn ti mú níta. Àwọn onítakisí ń pe èrò Mọ́kọ́lá àti Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà kò dá wọn lóhùn. Ibi tí Ajíbóyè dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Dáṣọ̀n rẹ̀ ló kọrí sí. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ní kí Àjàmú wọlé, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó síwájú.

"Ajíbóyè," ó ní, "wa ọkọ̀ ká máa lọ sílé, kí ìyá tó bí ẹ lè tètè wá oúnjẹ fún Àjàmú."