Onílé Orí Iyanrìn

"Ìyá, ẹ rọra. Ẹ má mí sí i o," ni agbẹ́gilére kan wí, bó ṣe ń ti orí ìyá rẹ̀ sún mọ́ maikirosíkóòpù.

Orí hóró iyanrìn kan ṣoṣo ni òun àti Dókítà Marleny, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ gbẹ́ ilé ìyá náà, Doña Etelvina, èyí tí katakata wó lójú rẹ̀ kòrókòró nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà ní ìlú Manizales, ní Kòlóńbíà. Àwọn àlejò tó fẹ́ wá wò ó ti pé sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìyá wò ó títí. "Ilé mi nìyí lóòótọ́. Àmọ́ ta ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn?"

Dókítà náà yọjú wò ó. "Ha! Kòkòrò àìfojúrí ti kó sínú rẹ̀!"

Agbẹ́gilére mú abẹ́rẹ́. "Ẹ jẹ́ n lé e dànù kí wọ́n tó wọlé."

Ìyá gbá a lọ́wọ́ mú. "O ò gbọdọ̀! Wọ́n lé èmi jáde, ìwọ náà tún fẹ́ lé ẹlòmíì? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ẹ nìyẹn?"

"Ìyá, kòkòrò ni o!"

"Ṣé kòkòrò kì í sùn ni?"

Ìyá tún tẹ orí ba, ó rọra bi kòkòrò náà léèrè bóyá òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò. Lẹ́yìn náà ló pa iná maikirosíkóòpù, nítorí kò dáa kéèyàn máa tan iná sí onílé lójú.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Gómìnà ni, tòun ti àwọn oníròyìn. Ìyá ṣí i díẹ̀, ó yọrí síta.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí. "Onílé ní òun ò gba àlejò lónìí."