Ọ̀rọ̀ Kan Tí Wọ́n Fagi Lé

"Ẹyin lohùn o! Bó o bá fẹnu kan ọba, wọ́n á ti tíátà yìí pa." Ọ̀gbẹ́ni Pargeter tó ni tíátà ló ń sọ ọ́ sétí òṣèrébìnrin kan tó fẹ́ bọ́ sórí ìtàgé. "Ọkùnrin tó ń yẹ eré wò fún ìjọba ti jókòó síwájú."

"Ọ̀gá, mo ti gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún mì."

Ó bọ́ sórí ìtàgé, ó ń sunkún gẹ́gẹ́ bí ìyá jagunjagun tí wọ́n pa lójú ogun. "Ta ló pa ọmọ mi?"

Ìdáhùn rẹ̀, 'ọba', ni ìjọba ti fagi lé nínú ìwé eré náà. Ó panu mọ́. Gbogbo èrò tíátà London náà yíjú sí àga tí ọba máa ń jókòó sí lókè, tó ṣófo.

Nígbà tí eré parí, ọkùnrin ìjọba náà wọlé tọ̀ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màdáàmù, mi ò gbọ́ 'ọba' lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ta ló fún yín láṣẹ láti dákẹ́?"