Kọ̀ǹpútà Méjì, Àwòrán Kan

Láti ọjọ́ Sátidé lọmọ ti kúrò nílé. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n mú àwòrán rẹ̀ tuntun wá, àwọn òbí náà sì fẹ́ tẹ ọ̀pọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri káàkiri ìgboro. Inú láptọ́ọ̀pù ọmọ náà ni àwòrán ọ̀hún wà. Ara kọ̀ǹpútà ọkọ ìyá rẹ̀ ni pírńtà wà. Windows ni tọkọ ń lò, Linux ni tọmọ, àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà.

Ìyá ọmọ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹkún ti mú ojú rẹ̀ wú.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é kíá. Gbogbo àwòrán rẹ̀ tó wà lórí fóònù mi ló ti pa rẹ́ kó tó lọ. Tìgbà tó wà ní kékeré ló kù sí mi lọ́wọ́. Ta ló máa fìyẹn dá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mọ̀?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Ọkọ rẹ̀ dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé àga fún àlejò. Ẹ̀rín ló fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Màdáámú, ẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ èdè irú kọ̀ǹpútà yẹn ládùúgbò yìí. Ẹ wo ọmọ tí mo tọ́ bí ẹni pé èmi ni mo bí i! Ṣùgbọ́n ibi yòówù kó sá pamọ́ sí, a máa rí i."

"Àmín," ni ìyá ọmọ wí.

Wọ́n mú un wọ yàrá ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀dì kékeré kan ló wà níbẹ̀, àti tábìlì, àti kọ́bọ́ọ̀dù onígi tó wúwo. Ilẹ̀ ti ha láti ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bí ibi tí wọ́n ti ń wọ́ nǹkan lọ, tí wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀. Àǹtí Kọ̀ǹpútà gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀.

"Ó fẹ́ràn kó máa tún yàrá tò," ni ìyá ọmọ sọ. "Alaalẹ́. A máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀."

Láptọ́ọ̀pù béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ìyá ọmọ ní àwọn ti fi orúkọ gbogbo ará ilé gbìyànjú. Àǹtí Kọ̀ǹpútà tẹ nǹkan díẹ̀, ó ṣí.

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Olè ni yín o!"

"Iṣẹ́ wa ni, sà." Ó ki fláàṣì kan bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. "Mo rò pé màá lè fi fláàṣì gbé e. Ẹnu rẹ̀ ti kú, kò kà á. Ẹ jẹ́ ká kúkú so àwọn méjèèjì pọ̀." Ó fi fláàṣì náà síbẹ̀. Iná kékeré ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú.

Iṣẹ́ náà falẹ̀. Ó ń ti yàrá ọmọ bọ́ sí pálọ̀, ó ń ti pálọ̀ padà sí yàrá. Ọkọ ìyá ọmọ ń wo fèrèsé, oòrùn ti ń rẹlẹ̀.

"Màdáámú, kí ló ń dá wọn dúró?"

"Ó dà bí ìgbà téèyàn ń parí ìjà ìyàwó àti ìyá ọkọ, sà. Tí ọ̀kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni, èkejì á ní irọ́ ni."

Ìyá ọmọ tẹ̀ lé e wọ yàrá. "Ẹ bá mi wò ó, ṣé kò kọ ibi tó ń lọ síbẹ̀?"

"Mi ò rí i, mà."

Nígbà tó yá, fóldà ọmọ náà yọ lójú kọ̀ǹpútà ọkọ. Wọ́n ṣí i. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé ń wò wọ́n, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi!" Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ kan ojú gíláàsì.

"Ó ti wọlé." Ọkọ mí kanlẹ̀. "Ó yá, ẹ lọ pa gbogbo nǹkan tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yẹn rẹ́. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa ka ìsọkúsọ ọmọdé kiri."

"Gbogbo rẹ̀, sà?"

"Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Màdáámú, ṣé èdè mìíràn ni mò ń sọ ni?"

"Kò burú, sà."

Ó wọ yàrá lọ, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ó yọ fláàṣì rẹ̀, ó fi í sápò. Nígbà tó padà sí pálọ̀, ọkọ ìyá ọmọ ń tẹ bọ́tìnnì ìtẹ̀wé léraléra. Ojú kọ̀ǹpútà ti funfun báláú.

"Níbo ló lọ?"

"Kò wọlé sọ́dọ̀ yín rí, sà. Ojú fèrèsé lẹ ti ń wò ó. Inú ilé tọmọ ló wà, ẹ sì ní kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn dànù."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Kó tó gbọ́wọ́ sókè rárá, ìyá ọmọ ti fà sẹ́yìn àga. Pírńtà ló lù. Ó lù ú títí ìdérí rẹ̀ fi ṣẹ́, ó sì jáde síta láìwọ bàtà.

Ìyá ọmọ sin Àǹtí Kọ̀ǹpútà dé ẹnu géètì. "Báwo la ṣe máa wá mọ ibi tó wà báyìí?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ò tètè lọ. Ó dúró díẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ìyá ọmọ nu imú, ó ti géètì.

Nígbà tó délé, ọmọbìnrin inú àwòrán náà ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé màámi béèrè ohun tó lé mi nílé?"