Àgúnmu Nana Serwaa

Nígbà tí àgúnmu Nana Serwaa kò wo ibà mọ́, àwọn ará abúlé ní ogbó ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe òfófó lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ kú gbé ìyókù ìyẹ̀fun náà wá, ó dà á sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì yíjú padà láìkí i. Láti ọjọ́ náà ni Nana kò ti jókòó síta mọ́.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, Konadu, ń ṣèwádìí egbòogi ní yunifásítì kan ní Kumasi. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà karí. Ó ní òun yóò yọ ohun tó ń pa ibà nínú èèpo igi tí Nana fi ń ṣe àgúnmu náà, òun yóò sì mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ìyá àgbà òun ní òpùrọ́ mọ́.

Àgúnmu àtijọ́ ṣì kù nínú ìgò kan lọ́dọ̀ Nana, èyí tí wọ́n gún kí Nana Boakye, ọkọ Nana, tó kú. Konadu fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sára kòkòrò ibà nínú àwo gíláàsì. Gbogbo wọn kú. Ó ya èèpo tuntun lára igi kan náà, ó gún un, ó dán an wò. Ńṣe ni àwọn kòkòrò náà ń bí sí i.

Ó ní bóyá òjò ló fọ agbára rẹ̀ dànù, ó dúró de ọyẹ́. Asán. Ó ya èèpo gbòǹgbò, ó sá a sóòrùn, ó sá a síbòji. Asán.

“Konadu,” ni ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Asiedu, wí, “èèpo tí ò ń sè yìí, ṣé o fẹ́ fi jẹ fùfú ni?”

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Konadu la ìgò kan mọ́lẹ̀, kò sì tọrọ àforíjì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó gba abúlé lọ.

“Nana, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ń pa mọ́ fún mi? Ewé wo lẹ ń fi kún un?”

“Mo fi Ọlọ́run búra, èèpo nìkan ni. Èmi ni mò ń ya á, èmi ni mò ń sá a. Bàbá rẹ àgbà ló ń bá mi gún un.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, inú a máa bí i. Àwọn ìyá á gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á dà á sí kòtò, wọ́n á wá gba tèmi. Nígbà tó yá, ó rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dùn mí, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ọkọ rere ni. Gbé ìyókù ìgò náà lọ, ọmọ mi.”

Bí eléyìí bá bàjẹ́, kò sí òmíràn mọ́. Konadu mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó po àgúnmu náà mọ́ omi, ó sì rọra dà á sínú ọ̀pá gíláàsì tí a ki ìyẹ̀fun funfun sí, èyí tó ń ya ohun tó wà nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń kán tó, tó, tó. Ó gba ìkán kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó dán gbogbo wọn wò. Ẹyọ kan péré ló pa kòkòrò. Ó gbẹ ẹ́, ó sì di hóró wínníwínní tó ń dán bí iyọ̀.

Ó fi fóònù pe abúlé. “Nana, ó ti jáde o! Ẹ gbé àpótí yín, ẹ lọ jókòó síta!”

Nana jókòó síta. Ó pe àwọn aládùúgbò jọ, ó sì ń dárúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ẹni tó ń kọjá.

Konadu gbé hóró náà fún Ofori, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń sọ orúkọ nǹkan, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ọkùnrin náà fi jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Konadu, o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni àbí, kulorokuìnì lo gbé wá fún mi, hóró oògùn ibà tí wọ́n máa ń pín fún wa nílé ìwòsàn nígbà tí a wà lọ́mọdé!”