Iyọ̀ Pupa tí Ghislaine Dà Nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ ara ọ̀rá oúnjẹ wò kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ojú mi ló ṣe. Ilé wọn àti ilé mi kọjú síra ní Vermeillac, ilẹ̀ Faransé níbí.

1.
Ghislaine ni ìyàwó Aubin. Léonce, bàbá ọkọ rẹ̀, ń bá wọn gbé. Àádọ́ta ọdún ni Bàbá yìí fi bá gbogbo àdúgbò fi iyọ̀ pa itan ẹlẹ́dẹ̀ lára, kó má bàa bàjẹ́. Bí òtútù oṣù kìíní bá ti mú, tí wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀, Léonce á wọ gíláàsì ojú, á wọn iyọ̀ lórí òṣùwọ̀n, á wá fi pa itan náà lára títí dé ìdí egungun. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Ó pupa díẹ̀, wọ́n sì ti po kẹ́míkà tín-ń-tín kan tó ń jẹ́ náítíráìtì mọ́ ọn, èyí tí wọ́n ń kọ sára oúnjẹ ní E250.

2.
Ghislaine rí i lórí fóònù pé E250 ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ gbọ́, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹni tó bá ń jẹ ẹran oníyọ̀ láràárọ̀ lálaalẹ́ ń wá wàhálà, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi fi òdiwọ̀n sí i. Ṣùgbọ́n Ghislaine ò kà á dé ìsàlẹ̀.

"Bàbá, ṣé májèlé lẹ ti ń fún wa jẹ látọjọ́ yìí?"

"Májèlé kẹ̀? Ìyàwó, wò mí dáadáa. Mo máa pé ọgọ́rin ọdún lọ́dún yìí."

"Orí ló kó yín yọ."

"Iyọ̀ yẹn ń dènà ikú kan tí kò lóòórùn, tí ẹnu ò sì lè tọ́ wò. Bó o bá máa yọ ọ́, iyọ̀ lásán gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, òtútù gbọ́dọ̀ mú dáadáa, kó o sì ní sùúrù."

Ghislaine bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àgbà àti ìdẹ́rùbà yín!"

Ó da iyọ̀ pupa nù. Iyọ̀ lásán díẹ̀ ló fi rọ́pò, torí fóònù ti sọ pé iyọ̀ púpọ̀ náà ò dáa. Òtútù ò sì mú lọ́dún yẹn, yàrá abẹ́ ilé wọn, níbi tí wọ́n so itan náà rọ̀ sí, lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó yá, kó tó gbé itan kankan tà, ó gbé pátákó síwájú àtẹ rẹ̀ lọ́jà Sátidé: A Ò LO E KANKAN NÍBÍ. Gbogbo wa ń yìn ín. Èmi náà yìn ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Léonce ò bá a jà. Kò kàn fẹnu kan itan náà ni.

3.
Ọjọ́ Àìkú tí Bàbá pé ọgọ́rin ọdún, gbogbo ẹbí jókòó yí tábìlì ká. Ghislaine gbé itan náà síwájú Bàbá, omi sì ti lé ròrò lójú rẹ̀.

"Bàbá, ojú ń tì mí. Àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tẹ́ ẹ kì í fi jẹ iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Aubin náà dá sí i. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí àlàáfíà."

Bàbá ti àwo rẹ̀ síwájú. "Ó dáa. Gé e wá."

Ẹ̀gbẹ́ egungun ni wọ́n gé fún un, torí òun làgbà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ó dùn, ìyàwó." Ghislaine fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Ayọ̀ yẹn ló mú kó gé itan kejì sí wẹ́wẹ́, ó pín in fún ilé mẹ́fà bá a ṣe ń ṣe níbí. Tèmi wà ńbẹ̀.

4.
Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, Léonce ń rí ṣíbí méjì níbi tí ẹyọ kan wà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti já wálẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Lọ́sibítù, wọ́n rò pé rọpárọsẹ̀ ni, torí ọjọ́ orí. Síbẹ̀ dókítà béèrè.

"Ṣé ó jẹ nǹkan tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe nílé? Bí ẹran oníyọ̀, tàbí oúnjẹ inú ìgò?"

Ọkàn Ghislaine sọ fún un. Mo mọ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n pátákó ọjà ló rántí.

"Dókítà, oúnjẹ tiwa ò ní kẹ́míkà kankan nínú. Ẹ wá ohun míì tó fà á."

Odindi ọjọ́ kan kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, kò lè lajú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Aubin bá a gbé ìpéǹpéjú sókè, ó ki bírò sí i lọ́wọ́. Bàbá kọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ sí Ghislaine: *Itan ni. Gbà á padà nílé gbogbo wọn. Má sunkún, sáré.*

Bí dókítà ṣe ka ìwé náà, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ tó ń dènà májèlé náà wá láti ìlú ńlá. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe, èyí tó kù ló ń dáàbò bò.

Ghislaine sáré. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti gé itan náà lé búrẹ́dì. "Ẹ má jẹ ẹ́, Màmá Huguette! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ ẹ́!" Ó já a gbà lọ́wọ́ mi, ó sì wó lulẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi. Nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sẹ́ni tó kú. Iṣẹ́ tí Bàbá ṣe gbẹ̀yìn nìyẹn.

5.
Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ẹ̀rọ fi bá a mí. Àwọn dókítà ní ó ń gbọ́ gbogbo ohun tá à ń sọ. Ojoojúmọ́ ni Ghislaine ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí, ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ bẹ́ ẹ bá gbọ́." Ọwọ́ náà ò mira. Ọjọ́ tó pé ogún ló kú.

Bọ́túlísíìmù ni àwọn dókítà pe àrùn náà, kòkòrò tójú ò lè rí ló ń pèsè májèlé rẹ̀. Ibi tó wà lára egungun, tí iyọ̀ díẹ̀ yẹn ò dé, ni májèlé kóra jọ sí, ìdí nìyẹn tí àwọn tó jẹ ibòmíràn lára rẹ̀ ò fi kú. Ó ṣeé ṣe kéèyàn ṣe itan láìlo E250, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe é. Bàbá sì ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gíláàsì ojú rẹ̀ ṣì wà lórí òṣùwọ̀n títí dòní, Ghislaine ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e kúrò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kẹ́ ẹ máa gbé gbogbo ohun tó lórúkọ E mì. Òmíràn wà fún àwọ̀ lásán, òmíràn sì ń ṣọ́ ẹ̀mí yín. Ẹ bi ẹni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́ ẹ tó yọ ọ́ kúrò. Bí dókítà bá sì bi yín lọ́jọ́ kan pé kí lẹ jẹ, ẹ gbàgbé ìgbéraga, ẹ sọ òótọ́ kíákíá. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.