Tísà Asibẹ́sítọ́ọ̀sì Tí Kò Kọ́ṣẹ́

Mogbọ́ntán ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ro ó. Ohun tó ba ayé rẹ̀ jẹ́ ni pé kò lè sọ pé òun kò mọ nǹkan. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀nà ilé tí kò dé rí, yóò júwe rẹ̀ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Páànù ló ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n tú asibẹ́sítọ́ọ̀sì kúrò nínú àjà àwọn ilé àtijọ́, nítorí pé eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ilé ẹ̀kọ́ kan ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe tú u láìfara gbá ikú. Òfin là á mọ́lẹ̀: olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà lábẹ́ ọ̀gá, kó gba ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kó yege ìdánwò, kó sì máa tún un kọ́ lọ́dọọdún. Mogbọ́ntán kò ṣe ọ̀kankan. Ó ní òun ti ṣe gbogbo rẹ̀ lókè òkun. Ohùn rẹ̀ dùn létí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́. Kò wádìí.

Obìnrin kan tí òun náà jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, ta lo bá ṣiṣẹ́ yìí rí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ni, kì í ṣe ọwọ́. Àbí ẹ̀rù ń bà yín pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ yín?"

A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Mogbọ́ntán joyè, ó ń sá fún adìẹ.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Káfíńtà ni. Ó nawọ́ ní kíláàsì.

"Tísà, ṣé ká kọ́kọ́ fi omi rin ín ká tó tú u, kí eruku rẹ̀ má baà fò?"

"Omi kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ wẹ̀ fún un ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Aṣọ iṣẹ́ wa ńkọ́?"

"Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sílé. Ṣé ìyàwó yín ò lọ́wọ́ tó fi ń fọṣọ ni?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Aṣọ yẹn gan-an ni ikú bá wọlé. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ bọ́ ọ síbi iṣẹ́, kó wẹ̀ kó tó lọ. Káfíńtà kò mọ̀; ó ń ti ibi iṣẹ́ wọ̀ ọ́ wálé lójoojúmọ́. Ìyàwó rẹ̀ a jókòó sẹ́yìnkùlé, a gbọn ṣòkòtò náà kó tó rì í sómi. Eruku funfun a bà lé e lórí. A ní, "Ẹ wò ó, ẹ ti sọ mí di arúgbó láìtọ́jọ́." Ọkọ a fọwọ́ gbọn ọ́n kúrò lórí rẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Mogbọ́ntán di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, ó ra mọ́tò. Ìyàwó káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Nígbà tó yá, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà kó má mí gúlegúle.

Dókítà bi í pé, "Ṣé ẹ ti ṣiṣẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì rí?"

"Rárá o. Aṣọ ọkọ mi ni mo ń fọ̀."

Dókítà ní eruku inú aṣọ náà ló ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Kò pẹ́, obìnrin náà kú. Kò gun òrùlé rí.

Káfíńtà lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé.

"Kádàrá ni, àbúrò mi," ni Mogbọ́ntán wí. "Ṣe sùúrù."

"Ẹ má pe kádàrá sí i. Ta ló kọ́ yín ní ohun tí ẹ kọ́ wa?"

Mogbọ́ntán ṣí ilẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Káfíńtà pe ẹjọ́. Adájọ́ ní kí Mogbọ́ntán wọ ìbomú tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò, kó fi hàn pé òun mọ iṣẹ́ náà. Ó gbé e lé irùngbọ̀n rẹ̀ tó kún dẹ́dẹ́.

Olùkọ́ obìnrin yẹn, tó wá jẹ́rìí, dìde. "Olúwa mi, ìbomú kì í lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n. Eruku á gba àárín rẹ̀ wọlé. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn."

Wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, wọ́n rán Mogbọ́ntán lọ sẹ́wọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń mú un jáde, ó ké sí àbúrò rẹ̀.

"Bá mi bẹ̀ wọ́n! Ọmọ ìyá kan náà ni wá!"

"Ìyàwó mi bẹ̀bẹ̀ fún èémí," ni káfíńtà wí. "Kò rí i." Ó kẹ̀yìn sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ohun tí ẹ ò kọ́, ẹ gbọ́. Apànìyàn ni yín, bí ẹ tilẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbà wọ́n síṣẹ́ láìwádìí, ẹ ò sàn jù wọ́n lọ. Ẹ bi olùkọ́ léèrè ẹni tó kọ́ ọ, kí ẹ tó fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́. "N kò mọ̀" kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí.