Ọ̀gbẹ́ni Shigeta àti Ìkéde Ìlà Mẹ́fà

Ọ̀gbẹ́ni Shigeta kì í jalè, kì í mutí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà rí ní òpópónà wa nílùú Matsumoto. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: bí ìsinmi bá ti dé, tó sì ti gbé ìwé ìtàn àròsọ dání, kò sí ohun tó kàn án mọ́ láyé.

Ní oṣù kọkànlá, ìjọba fún wa ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Shigeta ra ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́rin àti ọsàn kéékèèké ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀. Ó ti fèrèsé, ó gbé bàtà rẹ̀ pamọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì oníná tó ń mú ẹsẹ̀ móoru. Ayé dẹrùn.

Láàárọ̀ Sátidé, Màmá Okabe tó múlé tì í gbé pátákó ìkéde àdúgbò dé. Onílé kọ̀ọ̀kan á kà á, á tẹ òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí i, á sì gbé e fún ilé tó kàn.

"Shigeta! Ṣé o wà nílé?"

Shigeta di èémí mú bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

"Má wulẹ̀ fara pamọ́, mò ń gbóòórùn ọsàn. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà o. Jọ̀ọ́, kà á dáadáa!"

Nígbà tó lọ tán, Shigeta yọ́ jáde. Ìkéde náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Kò ka ẹyọ kan. Ó tẹ òǹtẹ̀ pupa rẹ̀ sí i, ó sáré gbé e sílé kejì, ó sì padà sídìí òkú tí wọ́n bá nínú kànga ní orí kẹta.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ó ku ojú ewé méjì kó mọ apànìyàn inú ìwé kẹrin, ni Màmá Okabe àti àwọn àgbà mẹ́ta bá kan ilẹ̀kùn.

"Olórí àdúgbò, ẹ kú oríire!"

"Ta ni olórí àdúgbò?"

"Ìwọ ni. A ṣèpàdé lánàá. Ìkéde ní ẹni tí kò bá wá, tí kò sì ránṣẹ́, ti fara mọ́ ohun tí a bá sọ. Òǹtẹ̀ rẹ rèé."

"Màmá, ẹ ṣàánú mi. Mi ò kà á!"

"O ò kà á kẹ̀? Ìwọ tí o ka ìwé mẹ́rin lọ́jọ́ mẹ́ta?"

Ọdún kan gbáko ló fi wà nípò náà. Gbogbo Sátidé ló ń kó gọ́tà, tó ń lé kannakánná nídìí ìdọ̀tí. Kò ráyè ka ojú ewé méjì yẹn. Màmá Okabe yá ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wá bá a nínú gọ́tà lọ́jọ́ kan.

"Dókítà inú ìwé yẹn ló pa á o. Àbí o ti mọ̀?"

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ Shigeta nìyí: kò sẹ́ni tó ní ká má kàwé nígbà ìsinmi, èmi náà ń kà á, mo sì ń tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà. Ẹni tó lè ka ẹgbẹ̀rún ojú ewé nítorí òkú tí kò mọ̀ rí, ó yẹ kó lè ka ìlà mẹ́fà nítorí ara rẹ̀.